Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà, Orin, Ijó àti Eré Orí Ìtàgé ní Ilé Ẹ̀kọ́: Àwọn Ìbéèrè Tí Òbí àti Olùkọ́ Máa Ń Bèèrè

Àwọn ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà bá délẹ̀ láàárín òbí àti olùkọ́. A kó wọn jọ síbí, àwọn tó rọrùn ṣáájú, àwọn tó le kẹ́yìn. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá lè fò lọ síbi tó kàn án.

Kí ló wà nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí ẹ ń sọ yìí?

Ọ̀nà méjì ló pín sí. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe tí ojú ń wò: àwòrán yíyà, ọ̀dà kíkùn, ère gbígbẹ́, amọ̀ mímọ, aṣọ híhun, fọ́tò yíyà, títí dé àwòrán tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Èkejì ni èyí tí ènìyàn ń fi ara àti ohùn ṣe lójú ìran: orin, ìlù, ijó, ewì kíké, eré orí ìtàgé. Fíìmù ṣíṣe bọ́ sí àárín méjèèjì.

Ohun tí a kò kà mọ́ ọn ni kí olùkọ́ kọ orúkọ àwọn àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta sójú pátákó, kí àwọn ọmọ dà á kọ, kí wọ́n há a sórí de ìdánwò. Ọmọ tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ọ̀dà pupa mọ́ yẹ́lò rí kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ àwọ̀, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ pọ̀ tó.

Kí ni ọmọ ń rí kọ́ níbẹ̀ gan-an?

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ní kó ya ife tó wà lórí tábìlì. Yóò ya ẹnu ife náà ní róbótó bí owó ẹyọ, torí ó mọ̀ pé róbótó ni. Yóò wá fa ìlà gbọọrọ fún ìdí rẹ̀, torí orí tábìlì tẹ́ pẹrẹsẹ. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò ní gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ní kó lóṣòó títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ẹnu ife dọ́gba, kó wá máa dìde díẹ̀díẹ̀, kó máa wo bí ẹnu ife yẹn ṣe ń là sí i. Nígbà tí ọmọ náà bá padà sídìí ìwé, ìlà ìdí ife á ti tẹ̀. Ó ti rí i pé ohun tí òun mọ̀ lè yàtọ̀ sí ohun tí òun ń rí, ìyẹn yóò sì bá a dé yàrá sáyẹ́ǹsì.

Ní 2007, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, tí Lois Hetland àti Ellen Winner wà lára wọn, gbé àbájáde wọn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó sí kíláàsì àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, tí wọ́n sì ká iṣẹ́ wọn sí fídíò. Ìṣesí mẹ́jọ ni wọ́n rí tí àwọn olùkọ́ náà ń gbìn sínú ọmọ: mímọ ọwọ́ iṣẹ́, ìfaradà, fífi ojú inú rí ohun tí kò tíì sí, sísọ ti inú ẹni jáde, wíwo nǹkan fínnífínní, yíyẹ iṣẹ́ ara ẹni wò, dídán ohun tuntun wò, àti mímọ ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ṣáájú ti ṣe. Nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọ̀kan péré ló jẹ́ ti ọwọ́. Ìyókù, orí àti ọkàn ló ni wọ́n.

Eré orí ìtàgé ńkọ́? Ṣé kì í ṣe eré lásán ni?

Ẹ gbọ́ bí ìdánrawò kan ṣe ń lọ. Gbólóhùn kan ni ọmọ náà ní láti sọ: “Mo ti padà dé.” Olùkọ́ ní kó sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè wọlé, kó tún un sọ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ, kó tún un sọ bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá àwọn ará ilé ṣì ń bínú sí òun. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n èjìká, ojú àti ìrìn yí padà. Ẹni tó ń dá a lóhùn náà kò lè fi ohùn kan ṣoṣo dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àfi kó tẹ́tí gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀. Àgbàlagbà mélòó ló mọ̀ ọ́n ṣe?

Ìwádìí pẹ̀lú ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Nígbà tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣèwádìí lórí ọrọ̀ ajé àti ẹ̀kọ́, kó àwọn ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà jọ ní 2013, ọ̀kan lára ibi tí ẹ̀rí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni pé fífi ìtàn ṣeré nínú kíláàsì ń mú kí ọmọ túbọ̀ lóye ohun tó kà, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ nínú èdè. Tíṣà èdè tó bá ní kí àwọn ọmọ dìde fi orí ìwé kan ṣeré kò fi àkókò ṣòfò.

Ijó kò tó kó jẹ́ ti ọjọ́ ayẹyẹ nìkan?

Kò tó. Ní ọjọ́ ayẹyẹ, ọmọ mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n jó ni wọ́n máa ń yàn, àwọn yòókù á máa pàtẹ́wọ́. Nínú kíláàsì, gbogbo wọn ló ń kà, tí wọ́n ń rántí ìtòlẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n ń ṣọ́ àyè tó wà láàárín àwọn àti ẹnìkejì. Ọmọ tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù náà á sì rí ọ̀nà míì fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀?

Gbàrà tó bá ti lè di nǹkan mú. Viktor Lowenfeld, ọmọ Austria tó di olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé ní 1947 nípa bí àwòrán ọmọdé ṣe ń dàgbà. Bí ọmọ ọdún méjì, á máa fa ìlà wúruwùru. Tó bá di nǹkan bí ọdún mẹ́rin, á máa ya ènìyàn tó jẹ́ orí ńlá kan tí ẹsẹ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, tí ọ̀run á wà lókè. Kò sí ohun tó ṣe ọmọ tó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a tún un ṣe.

Ibi tó ti yẹ kí ẹ ṣọ́ra ni bí ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá. Ojú ọmọ ti là nígbà yẹn. Ó ń fi àwòrán rẹ̀ wé nǹkan gidi, ó sì ń rí i pé wọn kò jọra. Bí kò bá sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ọgbọ́n wíwo nǹkan ní àkókò náà, á ní “èmi ò mọ àwòrán yà,” á sì gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ń yàwòrán bí ọmọ ọdún mẹ́wàá títí di òní: ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Tí ilé ẹ̀kọ́ kan bá sọ pé ọdún mélòó kan péré ni àwọn lè fi kọ́ iṣẹ́ ọnà dáadáa, èmi á ní kí wọ́n fi í síbẹ̀.

Ọmọ mi kò ní ẹ̀bùn rẹ̀. Ṣé kó ṣì máa ṣe é?

A kì í yọ ọmọ kúrò nínú kíláàsì ìṣirò torí pé kò ní ẹ̀bùn ìṣirò. Ọwọ́ ń gbọ́ ẹ̀kọ́, etí náà ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn tí etí wọn kò lè ya ohùn òkè sọ́tọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ rárá wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kéré gan-an níye; ọ̀pọ̀ ẹni tó ní òun kò mọ orin kọ, ẹnì kan ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un nígbà tó wà lọ́mọdé.

Wọ́n ní orin ń mú kí ọpọlọ ọmọ jí pépé. Ṣé òótọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Ní 1993, Frances Rauscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 gbọ́ orin Mozart, olórin ìgbàanì láti Austria, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú ìdánwò kan tó jẹ mọ́ fífi ojú inú ká bébà àti gígé e, àǹfààní náà sì pòórá láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ọmọdé kankan nínú wọn, kò sì sí ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ohun èlò orin. Síbẹ̀, nígbà tó fi di 1998, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, Zell Miller, ti ń bèèrè owó lọ́wọ́ àwọn aṣòfin láti fi fún gbogbo ọmọ tuntun ní àwo orin.

Kíkọ́ orin gan-an yàtọ̀ sí gbígbọ́ ọ. Ní Kánádà, Glenn Schellenberg pín ọmọ ọdún mẹ́fà 144 sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: àwọn kan kọ́ kíbọ́ọ̀dù, àwọn kan kọ́ orin ẹnu, àwọn kan ṣe eré orí ìtàgé, àwọn tó kù kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó gbé àbájáde jáde ní 2004, máàkì IQ (ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn òye) àwọn tó kọ́ orin lọ sókè ní bíi 7, ti àwọn yòókù lọ sókè ní bíi 4. Ìyàtọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n kò tóbi. Ohun tí àwọn tó ń tọ́ka sí ìwádìí yìí máa ń gbàgbé ni pé àwọn ọmọ inú eré orí ìtàgé ló tẹ̀síwájú jù nínú bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ wọn gbé.

Ní 2020, Giovanni Sala àti Fernand Gobet kó ìwádìí 54 jọ lórí ọ̀rọ̀ orin àti ọpọlọ ọmọdé. Bí ìwádìí kan bá ṣe fara balẹ̀ tó ni àǹfààní lórí ìṣirò àti òye ń kéré tó, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sí. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ sí ìdí gìtá kí ó lè gba máàkì nínú ìṣirò. Tó bá jẹ́ ìṣirò lẹ fẹ́, ẹ kọ́ ọ ní ìṣirò. Orin ni kó tìtorí rẹ̀ kọ́ orin.

Ẹ̀rí wo ló wá dúró?

Èyí tó lágbára jù lójú tèmi ni ti ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, tí Daniel Bowen àti Brian Kisida gbé jáde ní 2019. Ilé ẹ̀kọ́ 42 ló wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 10,000. Wọ́n ṣẹ́ gègé láti mọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí yóò gba àfikún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti àwọn tí yóò dúró dè é, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ti dára tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yàn. Níbi tí iṣẹ́ ọnà ti pọ̀ sí i, iye àwọn ọmọ tí wọ́n ń bá wí fún ìwàkiwà dín kù ní ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún, máàkì wọn nínú àròkọ lọ sókè, àánú ẹlòmíràn sì pọ̀ sí i nínú wọn.

Èkejì jẹ́ ti ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan tí wọ́n ń pè ní Crystal Bridges, tí wọ́n ṣí ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà ní 2011. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ wá pọ̀ ju àyè lọ, gègé ni wọ́n fi yan àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n gbé àwòrán kan tí ọmọ kankan kò tíì rí rí síwájú wọn. Àwọn tó ti lọ sọ ohun tó pọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn ju àwọn tí kò lọ. Àwọn ọmọ ìgbèríko àti ọmọ tálákà ló jèrè jù, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni wọ́n lọ.

Ìdánwò ti sún mọ́lé. Ṣé iṣẹ́ ọnà kò ní gba àkókò lọ́wọ́ wọn?

Yóò gba àkókò. Kò sí ẹ̀kọ́ tí kì í gbà á. Ohun tí kò bójú mu ni kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láti oṣù àkọ́kọ́ nítorí ìdánwò oṣù tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá ní láti dín nǹkan kù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí ìdánwò, ẹ dín in kù, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tí yóò padà sórí tàìmù-tébù.

Dókítà lọmọ mi fẹ́ ṣe. Kí ló kàn án nínú àwòrán?

Santiago Ramón y Cajal, ará Spéìnì tó jẹ nínú ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 1906, ayàwòrán ló fẹ́ dà nígbà tó wà lọ́mọdé, kí bàbá rẹ̀ tó dárí rẹ̀ sí ìṣègùn. Ọwọ́ àwòrán yẹn náà ló fi ya àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan inú ọpọlọ bó ṣe ń rí wọn nínú maikirosíkóòpù, títí di òní ni wọ́n sì ń tẹ àwọn àwòrán rẹ̀ sínú ìwé.

Ní yunifásítì Yale, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ síwájú àwòrán nílé àfihàn, wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n rò. Àbájáde tó jáde ní 2001 fi hàn pé wọ́n rí àmì púpọ̀ sí i lára aláìsàn ju àwọn tí kò lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní owó ohun èlò.

Ohùn kò gba owó, ara kò gba owó. Àtẹ́wọ́, àyà lílù àti ẹsẹ̀ títẹ̀ tó láti kọ́ ọmọ ní ìlù olóhùn mẹ́ta tó ń bá ara wọn jà tí wọn kò sì tàṣé. Eedú, ẹ̀yìn bébà tí wọ́n ti lò, páálí, amọ̀ àti ewé tó fún ọdún kan gbáko. Eré orí ìtàgé ń fẹ́ àyè tó ṣófo àti àga méjì.

Tí owó díẹ̀ bá wọlé, ẹ ra pẹ́ńsù dáadáa àti bébà púpọ̀ kí ẹ tó ronú kan ohun èlò ńlá. Mo ti rí píánò tí wọ́n tì mọ́ yàrá kan títí ìyẹ̀pẹ̀ fi bò ó, nítorí pé ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn kí ọmọ má bà á jẹ́.

Olùkọ́ kíláàsì kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà. Ṣé ó lè kọ́ wọn?

Ó lè bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní kíláàsì kékeré. Émile Jaques-Dalcroze ní Switzerland, Zoltán Kodály ní Hungary àti Carl Orff ní Jámánì ṣètò ìlànà kíkọ́ orin tí ìrìn, ohùn àti ìlù kéékèèké ti ṣáájú ohun èlò ńlá. Olùkọ́ tí kò mọ píánò lè lò ó, tó bá ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀. Tó bá di kíláàsì àgbà, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá mọ ìgbà tí tíṣà ń tọ́wò.

Ọmọkùnrin wa kò kọrin mọ́ láti ìgbà tí ohùn rẹ̀ ti ń yí padà.

Ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kí olùkọ́ wá ohùn tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn fún un báyìí, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, torí pé ohùn náà lè wálẹ̀ sí i láàárín oṣù díẹ̀. Bí àwọn yòókù bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá já, olùkọ́ ló yẹ kó dá wọn lẹ́kun.

Ọmọ mi ń tijú, ó sì máa ń kólòlò. Ṣé kí wọ́n fipá gbé e sórí ìtàgé?

Rárá o. Àmọ́ ẹ má pa ilẹ̀kùn dé. Ọ̀pọ̀ akólòlò kì í kólòlò nígbà tí wọ́n bá ń kọrin, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, nítorí náà ègbè orin jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Kò wo kólòlò sàn. Ó kàn jẹ́ ibi tí ọmọ náà ti lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láìbẹ̀rù. Iná títàn, aṣọ eré àti ṣíṣe olùrántí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé jẹ́ iṣẹ́ gidi pẹ̀lú, kì í ṣe àlòkù.

Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ya àwọ̀ sọ́tọ̀, tàbí tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn ńkọ́?

Àìlèya àwọ̀ sọ́tọ̀ wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Láàárín àwọn ará Yúróòpù, ó tó ọkùnrin 1 nínú 12. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní kíláàsì láìjẹ́ pé òun gan-an mọ̀. Kí olùkọ́ kọ orúkọ àwọ̀ sára ìgò ọ̀dà, kó sì dẹ́kun bíbínú sí ọmọ tó kun koríko ní àwọ̀ ilẹ̀. Eedú, ère àti òjìji kò béèrè àwọ̀ rárá.

Ní ti etí, Evelyn Glennie, ará Scotland, ti di adití kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó di ọ̀kan lára àwọn onílù tí ayé mọ̀ jù. Ó máa ń bọ́ bàtà lórí ìtàgé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbọ́ ìró náà.

Báwo ni a ṣe máa fún iṣẹ́ ọnà ní máàkì?

Ẹ má fún ẹwà ní máàkì. Ẹ ní kí ọmọ tọ́jú ìwé àwòrán kan tí yóò máa ya gbogbo ìgbìyànjú rẹ̀ sí, kò gbọ́dọ̀ fa ojú ewé kankan ya. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fún un ní máàkì, ẹ jókòó tì í pẹ̀lú ìwé náà: kí lo yí padà láàárín ìkejì àti ìkẹta, kí ló dé? Ọmọ tó lè dáhùn ìyẹn ti kẹ́kọ̀ọ́, bí àwòrán rẹ̀ tó kẹ́yìn kò bá tilẹ̀ wuni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún eré: ẹni tó wá sí gbogbo ìdánrawò, tó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó sì dìde gbé ẹlòmíràn nígbà tí ìyẹn gbàgbé tirẹ̀, máàkì rẹ̀ kò yẹ kó kéré sí ti òṣèré tó ń tàn jù.

Kọ̀ǹpútà ti ń yàwòrán, ó ti ń kọrin. Kí la tún ń kọ́ wọn fún?

Bó bá jẹ́ pé àwòrán tó dára fún ara ògiri nìkan ni iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn ń wá, iṣẹ́ náà kò nítumọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó lóṣòó wo ife yẹn ló ń yí padà, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè bá a lóṣòó. Ọmọ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ lé bí òjìji ṣe ń ṣubú náà ló máa tètè rí i pé iná inú àwòrán ẹ̀rọ ń ti ọ̀nà méjì wá.

Ní kíláàsì àgbà, kò burú kí wọ́n lò ó ní gbangba, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ̀. Àmọ́ kí iṣẹ́ tó ní máàkì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe nínú kíláàsì.

Ìgbàgbọ́ wa kò fàyè gba ijó tàbí àwòrán ènìyàn.

Kí olùkọ́ bi òbí kí ó tó pín iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọmọ ti ń sunkún. Ìgbàgbọ́ kì í sábà kọ gbogbo ọnà pátá. Ẹ wo bí àwọn oníṣẹ́ ọnà Mùsùlùmí ṣe mú ìkọ̀wé àti ọnà onílà dé ibi gíga láìya ènìyàn. Ẹni tí kò ní jó lè lu ìlù tàbí kó bójú tó ìró àti iná. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n ní kí ọmọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì kó máa wòran.

Ṣé a lè fi dandan bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìjọba?

Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí àjọ UN gbà wọlé ní 1989, sọ ní abala 31 pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú àṣà àti iṣẹ́ ọnà, kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i sì pèsè àǹfààní tó dọ́gba fún un. Kò sọ iye wákàtí. Tí ẹ bá ń lọ sí ìpàdé òbí, ẹ béèrè ohun mẹ́ta tí kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ dídùn dáhùn: wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ta ló ń kọ́ wọn, ibo ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá wà.

Ọmọ mi ní òun fẹ́ fi í ṣiṣẹ́ jẹun. Kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè èwo gan-an. Ayàwòrán ilé, ẹni tó ń ṣètò ojú ìwé, ẹni tó ń ṣe àwòrán tó ń rìn, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, atanná orí ìtàgé, aránṣọ eré, olùkọ́: gbogbo wọn ni iṣẹ́ ọnà ń bọ́. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé owó òṣèré àti olórin kì í sábà wọlé déédéé, púpọ̀ nínú wọn sì ń fi iṣẹ́ mìíràn tì í.

Ẹ wo ohun méjì lára ọmọ náà: ṣé ó máa ń ṣe é nígbà tí kò sí ẹni tó rán an, ṣé ó sì máa ń padà sídìí iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bá a wí sí i? Ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun, kó rí apá tí kò dùn: àtúnṣe, ìdúródeni, owó tí oníbàárà kò tíì san.

Má jẹ́ kó sọ ìṣirò àti èdè nù ṣáájú àsìkò. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ yíya ilé máa ń béèrè ìṣirò, ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn sì máa ń fẹ́ rí àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀, kí àgbàlagbà bá a kà á títí dé ibi tí wọ́n kọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó.